Onísúwẹ́tà Létí Òkun

Nígbà tí Ìyá Onísúwẹ́tà la ẹnu sọ fún àwọn ẹbí pé òun àti ọkọ òun fẹ́ kó kúrò lórí òkè lọ máa gbé létí òkun, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa gbogbo wọn. Ẹni tó ti ń hun súwẹ́tà jẹun láti ìgbà tó wà lọ́mọge, ẹni tó jẹ́ pé bí òtútù bá ṣe ń mú sí i ni ọjà rẹ̀ ń yá sí i, òun náà ló fẹ́ kó ẹrù lọ síbi táwọn èèyàn ti ń wá ibòòji kiri bí ẹni wá owó tó sọ nù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Àǹtí Àgbà, rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ta lo fẹ́ tà á fún lọ́hùn-ún? Ṣé àwọn ẹja ni?"

"Tí wọ́n bá ti lówó lọ́wọ́, Àǹtí, màá wọn ọrùn wọn."

"Ọrùn wo? Ẹja ò mà lọ́rùn!"

Ilé tún dà rú fún ẹ̀rín. Ìyá Onísúwẹ́tà bá wọn rín in, torí obìnrin tó mọ̀ ọ́n ṣeré ni. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ yẹn, tinútinú ló fi sọ ọ́.

Iṣẹ́ lẹ́tà pínpín ni ọkọ rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ìlú orí òkè náà, òpópónà rẹ̀ kan ò tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí èyí bá ń gòkè, ìyẹn á máa sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ sì ni ọkùnrin yìí fi ń rìn ín, nínú ìrì, nínú kùrukùru, nínú òjò tó tutù dé eegun. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, gbogbo àdúgbò ló bá a yọ̀ pé ìsinmi dé. Wọn ò mọ̀ pé òtútù ti ń dúró dè é nídìí ìsinmi náà. Ó wọlé sí i lórúnkún méjèèjì, ó tún ya sí àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá di àkókò òtútù, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù, kò sì ní lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ìpara ra ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi rọ̀. Dókítà ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: "Bàbá, oògùn á ṣe tiẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó móoru lara yín ń fẹ́."

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Onísúwẹ́tà lára tán. Ó ti ọjà òwú dé, ó bá ọkọ rẹ̀ tó jókòó sórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ ilé, ó na ìwé ìròyìn sójú.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe níbí? Ilẹ̀ yìí mà tutù."

"Mò ń kàwé ni."

Ìyá wo ìwé ìròyìn náà. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Ó tún wo àtẹ̀gùn tó gòkè lọ sí yàrá wọn, ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì mọ̀. Ọkùnrin náà ti sọ̀ kalẹ̀ láti wá gba atẹ́gùn díẹ̀ sára, kò rí orúnkún tó máa gbé e padà sókè. Ojú ń tì í láti pe aládùúgbò. Ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì òwú sílẹ̀. Ó jókòó tì í, ó yọ abẹ́rẹ́ ìhunṣọ rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Ó di ìgbà tí oòrùn yọ dáadáa kí wọ́n tó jọ dìde, kí wọ́n tó rọra gòkè. Orí àtẹ̀gùn yẹn ló ti pinnu.

Ohun tó kàn ni ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ gan-an sì ni Àǹtí Àgbà ti mú un le. Ó lọ́rẹ̀ẹ́ kan tó kó lọ sí etí òkun rí.

"Éèsì ló lé e wálé," ó ní. "Tọ̀sán tòru lẹ̀rọ náà ń pariwo. Tó bá pa á, á máa làágùn bí ẹni sáré. Tó bá tàn án, bíìlì iná á dé, á tún làágùn. Ìyàwó wa, owó ìfẹ̀yìntì àbúrò mi kò lè gbọ́ bùkátà ẹ̀rọ amúlétutù o. Kẹ́ ẹ má lọ di onígbèsè nílẹ̀ ibòmíì."

Ọkọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Àǹtí lọ tán, ó ní, "Ìyá, ó jọ pé òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Jẹ́ ká máa fara dà á níbí."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń fara dà á," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Èmi ò fara dà á mọ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ fojú ara mi rí i ná. Tó bá kọjá agbára wa, màá sọ pé ó kọjá agbára wa."

Kó tó lọ, ó kọ́kọ́ wo ilé tí wọ́n wà. Ọ̀nà tó ń gbà wọn owó kò jọ ti ẹlòmíì. Súwẹ́tà ló fi ń wọ̀n ọ́n. Láti ìgbà èwe rẹ̀, bí wọ́n bá dá iye ohun kan fún un, yóò bi ara rẹ̀ pé, "Súwẹ́tà mélòó nìyẹn?" torí ó mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń ro èèyàn lórí súwẹ́tà kan ṣoṣo. Ó wá ṣírò ohun tí òtútù ń gbà lọ́wọ́ wọn. Hítà tó ń jó láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Omi gbígbóná fún ìwẹ̀, fún abọ́ fífọ̀, fún aṣọ fífọ̀. Aṣọ tí kì í gbẹ lórí okùn, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ hítà náà ni wọ́n ń sá a sí. Kẹ́túlù tó ń hó látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó súwẹ́tà márùn-ún lóṣù kan ṣoṣo. Ó tún un ṣírò. Márùn-ún náà ni.

"Bàbá," ó ké láti kíṣìnnì, "òtútù yìí náà ò kúkú bá wa gbé lọ́fẹ̀ẹ́!"

Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí etí òkun láti ìlú wọn, ìgbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ yẹ́ẹ́ ni wọ́n ń lọ. Ìyá Onísúwẹ́tà ní tòun máa yàtọ̀, ó dúró di ìgbà tí ooru ibẹ̀ gbóná jù lọ. Ó ní òun kì í dán súwẹ́tà wò nínú oòrùn, òun ò sì ní dán ilé ooru wò nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ilé ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló dé sí. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni ooru náà bo ojú rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń bá èèyàn wá ilé ló mú un káàkiri. Ọmọ tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, tó sì ń rìn bí ẹni tí ilé gbogbo ìlú jẹ́ tirẹ̀. Ilé tó kọ́kọ́ mú un lọ wà lókè kẹta, tuntun ni, ògiri rẹ̀ tó kọjú sí òkun, gíláàsì ni látòkè délẹ̀.

"Màmá, ẹ wo òkun! Ẹ wò ó bó ṣe tẹ́ lọ! Tí Bàbá bá jókòó síbí, kò ní fẹ́ dìde mọ́."

"Apá ibo ni oòrùn ń wọ̀ sí?"

Ajẹ́ńtì náà rò ó díẹ̀. "Ibi tí gíláàsì yẹn kọjú sí ni, Mà. Ẹ ò ní rí ohun tó rẹwà tó o nírọ̀lẹ́."

"Ó da. Jẹ́ ká dúró wò ó."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yàrá òfìfo náà, ó yọ abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ̀, ó ń hun. Ajẹ́ńtì rò pé àwàdà ni. Ó dúró títí, ó jókòó. Oòrùn yí lọ́wọ́ kan, ó wọ inú gíláàsì, ó sì tẹ́ gbẹẹrẹ sórí ilẹ̀. Yàrá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ìkòkò tí wọ́n dé. Ajẹ́ńtì tú bọ́tìnnì kan. Ó tú ìkejì. Nígbà tó yá, ó bọ́ bàtà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ. Wọ́n á bá yín fi éèsì sí i."

"Ta ló máa san owó rẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni, Mà. Ṣùgbọ́n owó iná ibí ò tó nǹkan."

"Ọmọ mi, kí ni 'ò tó nǹkan'? Tìẹ jẹ́ èló lóṣù tó kọjá?"

Ọmọkùnrin náà nu iwájú orí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí n má purọ́ fún yín, ilé màmá mi ni mò ń gbé. Màmá mi ló ń san án."

Ẹ̀rín pa Ìyá Onísúwẹ́tà débi tí òwú já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Látìgbà yẹn làwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Ó wo ilé mẹ́ta míì lẹ́yìn èyí, ó jókòó nínú gbogbo wọn lọ́sàn-án gangan, ajẹ́ńtì náà sì ti kọ́gbọ́n, ó ń gbé ìgò omi dání. Ọ̀kan lẹ́wà, ṣùgbọ́n páànù rẹ̀ kò ní àjà lábẹ́, ooru ń ti orí rọ́ bọ́ sílẹ̀. Òmíràn tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n omi ìlú kì í dé ibẹ̀, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ń ra omi lójoojúmọ́.

Èyí tó wá mú, ojú ti ajẹ́ńtì kó tó ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Ilé àtijọ́ ni, nísàlẹ̀, láìsí àtẹ̀gùn kankan. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ẹyin tó pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ nípọn, àjà rẹ̀ ga, fèrèsé kọjú sí fèrèsé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì la àárín rẹ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Igi ńlá kan dúró síhà ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí, ó na ẹ̀ka bo òrùlé. Ìyá Onísúwẹ́tà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Atẹ́gùn láti òkun gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ó fẹ́ òwú lórí itan rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde. Ó gbé ọwọ́ lé ògiri lọ́sàn-án gangan. Ògiri náà tutù.

"Mo ti rí i," ó ní.

Síbẹ̀, kò gba ilé náà lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun gbọ́dọ̀ mọ ohun táwọn ará àdúgbò ń san. Ó ń kan ilẹ̀kùn kiri: "Ẹ má bínú o, mo fẹ́ máa bọ̀ wá gbé níbí ni. Èló lẹ̀ ń san fún iná lóṣù tí ooru mú jù?" Àwọn kan rò pé ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ló rán an. Bàbá kan sáré wọlé lọ pa ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀, ó padà wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àwa ò lo nǹkan kan o, fìtílà là ń tàn," bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn tútù ṣì ń rọ́ jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Onísúwẹ́tà kúnlẹ̀ kí i, ó yí padà, ó sì rẹ́rìn-ín dé ìyànà.

Ẹni tó wá là á lóye ni onídìrí kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró, tí ẹnu rẹ̀ náà kì í dúró.

"Màmá, ẹ jókòó. Ti ṣọ́ọ̀bù mi ò ṣeé fi díwọ̀n, torí ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun ń jẹ iná bí ẹṣin. Ṣùgbọ́n ilé mi, fáànù méjì, fíríìjì kan, gáàsì ni mo fi ń dáná." Ó sọ iye tó ń san nígbà ooru àti iye tó ń san nígbà tí atẹ́gùn bá dé. "Ẹ tún gbọ́ o. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́ níbí ju ti ọ̀dọ̀ yín lọ. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Omi ìlú máa ń wá, ṣùgbọ́n kò lágbára, pọ́ńpù ló ń fà á lọ sínú táǹkì. Ẹ kà á mọ́ owó iná."

"Omi gbígbóná ńkọ́?"

"Omi gbígbóná kẹ̀? Màmá, gbígbóná lomi ń ti inú páìpù wá, nídìí ẹ̀rọ la ti máa ń dúró de omi tútù!"

Ìyá Onísúwẹ́tà fi súwẹ́tà wọn ohun gbogbo tó gbọ́. Oṣù ooru, mẹ́ta. Àwọn oṣù yòókù, méjì, bóyá díẹ̀ lé. Ó wá fi ìdajì súwẹ́tà kan kún un fún ohun tí òun kò tíì mọ̀. Nígbà tó padà dé orí òkè, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ṣàlàyé bó ṣe rí, kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ títí. "Ìyá," ó ní, "àtẹ̀gùn ò sí níbẹ̀ lóòótọ́?"

"Ẹyọ kan ò sí."

"Kí là ń dúró ṣe níbí nígbà náà?"

Bí wọ́n ṣe kó lọ nìyẹn. Àǹtí Àgbà bá wọn di ẹrù, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ o. Gbogbo àpótí tó bá dì, á ní kí wọ́n má jù ú nù, torí wọ́n máa tó fi kó ẹrù padà.

Ara bàbá náà ò fi nǹkan falẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ tí àwọn ìka rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká, tí wọ́n ń nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ gbé ìpara wá síbi bẹ́ẹ̀dì, kò bá a. Ó bá a nínú ọgbà, ó ń gbálẹ̀ abẹ́ igi, ẹ̀wù rẹ̀ wà lọ́rùn, bọ́tìnnì rẹ̀ dè látòkè délẹ̀. Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Bọ́tìnnì kan kò bá ojú ihò rẹ̀ mu, gbogbo ẹ̀wù náà wọ́ lọ sápá kan, ṣùgbọ́n ìyá náà kò tún un ṣe. Lójú tirẹ̀, kò sí ẹ̀wù tó gún tó o.

Ìgbà náà ni bíìlì àkọ́kọ́ dé.

Súwẹ́tà méje! Ìyá Onísúwẹ́tà rò pé ilé ẹlòmíì ni wọ́n gbé e wá fún. Ó ka nọ́ńbà mítà, tiwọn ni. Ọkọ rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó rọra lọ pa fáànù tó wà lórí rẹ̀, ó jókòó nínú ooru. Èyí ló dun Ìyá jù. Bí ẹni pé wọ́n rán an, Àǹtí Àgbà pè lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an.

"Báwo niná yín?"

"Iná ń bẹ, Àǹtí."

"Mo mọ̀ pé ó ń bẹ. Èló ni?"

Nígbà tó gbọ́ iye rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn mí kanlẹ̀. "Ìyàwó wa, àwọn àpótí yẹn ṣì wà, àbí?"

"Wọ́n wà, Àǹtí. Mo ti kó òwú sínú wọn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pa gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé. Fáànù, fíríìjì, gílóòbù, títí kan aago tó wà lára ògiri. Ó lọ dúró níwájú mítà, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Nǹkan náà ṣì ń yí.

"Bàbá! Ẹ wá wo olè!"

Ọkọ rẹ̀ wá. Àmọ́ kò wo mítà. Ó dúró, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Látìgbà tí wọ́n ti dé, fáànù àti fíríìjì kò tíì dákẹ́ pọ̀ rí, òní ni ilé náà kọ́kọ́ pa lọ́lọ́. "Ìyá, ṣé ẹ̀ ń gbọ́?" Ohùn kan ń kùn wẹ́wẹ́ láti ẹ̀yìn ilé, bí oyin tó wà nínú agolo. Pọ́ńpù ni.

Wọ́n pe púlọ́ńbà. Ó gun orí táǹkì, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì mú irin kan jáde tó ti jẹ dà bí bisikíìtì. Irin tó di bọ́ọ̀lù tó máa ń léfòó nínú táǹkì mú nìyẹn, èyí tó ń pa pọ́ńpù nígbà tí omi bá kún. Irin ti já, bọ́ọ̀lù ti rì sísàlẹ̀. Pọ́ńpù ò mọ̀ pé omi ti kún, ó ń fà á lọ láìsinmi, omi náà sì ń gba páìpù ẹ̀yìn lọ sídìí igi ńlá. Abájọ tí igi náà fi ń ta ewé bẹ́ẹ̀.

"Iyọ̀ ni, Mà," ni púlọ́ńbà wí. "Iyọ̀ tó wà nínú atẹ́gùn òkun. Kò sí irin tí kì í jẹ níbí. Oníke ni kẹ́ ẹ máa lò."

Ìyá Onísúwẹ́tà káwọ́ lérí. Ó ti ṣírò oòrùn, ó ti ṣírò atẹ́gùn, ó ti ṣírò fíríìjì àti gáàsì. Kò rántí iyọ̀. Ìdajì súwẹ́tà tó fi pamọ́ fún àìmọ̀, iyọ̀ ti jẹ ẹ́, ó sì béèrè fún sí i. Ṣùgbọ́n kò bínú. Ìdùnnú ló bá a, torí ohun tó ń dẹ́rù bà á tẹ́lẹ̀ ni pé bóyá òun ò mọ ìṣirò rárá. Àṣé ìṣirò rẹ̀ péye, ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Wọ́n fi oníke rọ́pò irin. Òun àti ọkọ rẹ̀ wá lọ yẹ gbogbo ilé wò, wọ́n nu iyọ̀ kúrò lẹ́yìn fíríìjì, wọ́n fi epo sí ìdè ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bíìlì tó tẹ̀ lé e jẹ́ súwẹ́tà méjì pérépéré. Nígbà tí Àǹtí pè, ó ní kí wọ́n tún un kà fún òun, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Fèrèsé kíṣìnnì ló kù, tí ẹ̀ka igi kò bò. Lọ́sàn-án, oòrùn á gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé. Ìyá Onísúwẹ́tà ra okùn òwú tó ki, ó fi abẹ́rẹ́ tó tóbi jù nínú àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀ hun aṣọ kan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ là fún atẹ́gùn, ṣùgbọ́n ó pọ̀ tó láti dí oòrùn. Ó ta á síta, lójú fèrèsé. Ooru kíṣìnnì rọlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Onídìrí rí i láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sọdá wá.

"Màmá, kí lèyí?"

"Súwẹ́tà fèrèsé ni."

"Ẹ bá mi hun tèmi. Méjì ni fèrèsé mi. Rárá, mẹ́ta."

Láti ọ̀dọ̀ onídìrí ló ti tàn ká. Ìyàwó bàbá tó ń tan fìtílà náà wá, ó ní kí wọ́n wọn mẹ́rin fún òun, ó ní ọkọ òun fẹ́ dín éèsì kù. "Éèsì wo?" ni Ìyá Onísúwẹ́tà bi í, àwọn méjèèjì sì di ara wọn mú nínú ẹ̀rín. Iṣẹ́ tí gbogbo ẹbí ti sin sórí òkè wá gbèrú létí òkun ju bó ṣe rí nínú òtútù lọ.

Nígbà tí àkókò ooru dé, Àǹtí Àgbà sọ̀ kalẹ̀ wá kí wọn. Ó ní òun wá wò wọ́n ni, ṣùgbọ́n báàgì ńlá òfìfo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó dé náà ni wáyà iná àdúgbò jó. Iná lọ ní gbogbo òpópónà. Ooru mú bí ìgbà tí wọ́n ṣí ààrò. Àwọn tó ń gbé inú gíláàsì lókè, ẹ̀rọ amúlétutù wọn dákẹ́, ni wọ́n bá ń rọ́ jáde. Onídìrí ló kọ́kọ́ wá pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀ tó ti di apá kan orí, tí apá kejì ṣì wà ní títú. Ìyá Onísúwẹ́tà ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó ṣí ti ẹ̀yìn, ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá wọlé á dúró díẹ̀, á ní "Hàà!", á sì wá ibi jókòó sí. Bàbá oní-fìtílà dé pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Ajẹ́ńtì náà dé, ó mú màmá rẹ̀ tó ń san owó iná dání.

"Màmá mi, ilé tí mo sọ nìyí," ó ń wí bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. "Èmi ni mo bá wọn wá a."

"Ìwọ tí ojú ń tì!" ni Ìyá Onísúwẹ́tà wí, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín.

Àǹtí Àgbà jókòó sáàárín wọn, ó na ẹsẹ̀. Atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Nígbà tó jí, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kún fún èèyàn, ó wo àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ife omi kiri fún àwọn àlejò, tí kò fi ọwọ́ kan ògiri, tí kò gbára lé ọ̀pá. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ fa ajẹ́ńtì mọ́ra.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "irú ilé báyìí, ṣé òmíràn ṣì wà?"

Báàgì ńlá náà, òwú súwẹ́tà tí kò wúlò létí òkun mọ́ ni Ìyá Onísúwẹ́tà fi kún un fún un nígbà tó ń lọ, kó lè bá a tà á fún àwọn tó kù lórí òkè.

Bíìlì oṣù ooru yẹn dé, kò tó súwẹ́tà mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà, ó sì ní òun fúnra òun lòun máa lọ san án. Ìyàwó rẹ̀ ní kó jẹ́ kí àwọn pe mọ́tò. Ó kọ̀.

"Ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbé ti ẹlòmíì lọ fún wọn," ó ní. "Ẹsẹ̀ náà ni màá fi gbé tèmi lọ."

Ó jáde. Ìyá Onísúwẹ́tà hun, ó hun, kò gbọ́ ìró rẹ̀. Ó dìde lọ wo ọ̀nà, ó tún jókòó. Nígbà tó yá, ó rí i tó ń bọ̀ láti apá òkun, kì í ṣe láti apá ibi tí wọ́n ti ń san owó. Bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́, sòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún, ó ń súfèé.

"Ibo lẹ gbà?"

"Mo gba etí omi kọjá. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́, Ìyá. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ!"

Iyanrìn ń dà lára rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ìyá Onísúwẹ́tà wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó sì na ìka sí ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà nínú ọgbà.

"Ẹ lọ fọ ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó wọlé. Kẹ́ ẹ sì bu omi dáadáa. A lágbára ẹ̀."